Bí a ṣe ń fọ ọkọ̀ láì ha á, àti bí a ṣe ń tún ọ̀dà tó ti ha ṣe

Lọ́dún kan, nínú oṣù Kínní, nígbà tí ọyẹ́ mú gan-an, mo gbé ọkọ̀ mi kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ní Ajílósùn, Adó-Èkìtì, fún odidi ọjọ́ mẹ́rin. Eruku pupa bò ó bí ẹni pé wọ́n fi osùn kùn ún. Ọmọ kan ládùúgbò wá fi ìka kọ "FỌ̀ MÍ" gàdàgbà sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Mo rẹ́rìn-ín, mo pọn omi, mo fọ̀ ọ́. Lọ́jọ́ kejì tí oòrùn ràn sí i, mo tún rí i: FỌ̀ MÍ, ó wà níbẹ̀ digbí lára ọ̀dà dúdú náà. Eruku ti lọ, ìwé ò lọ.

Ìka ọmọdé ò le tó ohun tó lè ha ọkọ̀. Eruku tó wà lábẹ́ ìka rẹ̀ ló ṣiṣẹ́ náà. Ilẹ̀ olókùúta ni ilẹ̀ Èkìtì, láti Olóṣùnta ní Ìkẹ́rẹ́ títí dé àwọn òkè Ẹ̀fọ̀n-Aláayè tí òkúta kúọ́ọ̀tìsì pọ̀ nínú wọn. Bí òjò àti oòrùn bá ti jẹ àwọn òkúta wọ̀nyí di iyanrìn, iyanrìn a bá ilẹ̀ pupa pò, táyà ọkọ̀ a lọ̀ ọ́ kúnná, afẹ́fẹ́ a gbé e. Ẹ̀rún kúọ́ọ̀tìsì le ju ọ̀dà ọkọ̀ lọ fíìfíì. Ẹni tó bá fi àkísà gbígbẹ nu ọkọ̀ tí eruku bò, sáńpépà ló fi ń nù ún.

Ọ̀dà náà gan-an ńkọ́? Ó fẹ́lẹ́ ju bí a ṣe rò lọ. Lára ọkọ̀ tí ọ̀dà ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ṣì wà, gbogbo ìpele ọ̀dà pa pọ̀ kì í sábà ju máíkírọ́ọ̀nù 100 sí 150 lọ, bẹ́ẹ̀ sì ni máíkírọ́ọ̀nù 1,000 ló wà nínú mìlímítà kan ṣoṣo. Lókè pátápátá ni kílíà wà, ọ̀dà aláìláwọ̀ tó ń dán bíi dígí. Òun nìkan ò ju nǹkan bíi 35 sí 50 lọ. Irun orí ènìyàn nípọn jù ú lọ. Abẹ́ kílíà ni ọ̀dà aláwọ̀ wà, púráímà, ìyẹn ọ̀dà ìpìlẹ̀, wà lábẹ́ ìyẹn, kó tó wá kan irin. Kílíà yìí ni kí ẹ fi sọ́kàn bí ẹ ṣe ń ka ìyókù. Gbogbo ìgbà tí a bá ń fi nǹkan bó àpá ara ọkọ̀ kó lè dán, inú rẹ̀ la ti ń bù, kì í sì í hù padà bí èékánná.

Ọwọ́ tó ń fọ ọkọ̀ ló ń ha á jù

Tí ẹ bá wo ọkọ̀ dúdú tàbí aláwọ̀ búlúù nínú oòrùn, ẹ ó rí àwọn ìlà wínníwínní tó yí po bí òwú aláǹtakùn. Igi ò ha á, ọ̀kadà ò sì gbá a. Àkísà ló ṣe é, díẹ̀díẹ̀, lójoojúmọ́. Èyí ni mo ṣe fẹ́ pẹ́ díẹ̀ níbi fífọ̀, torí ẹni tó bá mọ ọkọ̀ fọ̀ kò ní fi bẹ́ẹ̀ nílò ìdajì kejì ìtọ́sọ́nà yìí.

Ẹ má fọ ọkọ̀ tí ara rẹ̀ gbóná. Ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bí ó bá ta yín lọ́wọ́, ẹ jẹ́ kó sinmi lábẹ́ ibòji. Lára irin gbígbóná, omi ọṣẹ a ti gbẹ kí ẹ tó dé orí rẹ̀, á sì fi àbàwọ́n róbótó róbótó sílẹ̀. Kùtùkùtù, tàbí lẹ́yìn aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, ló tura fún yín àti fún ọkọ̀.

Ẹ wo omi tí ẹ fẹ́ lò dáadáa. Lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn tí kànga bá ti ń gbẹ, iyẹ̀pẹ̀ a máa bá omi jáde. Ẹ bu omi náà sínú dúrọ́ọ̀mù kó dúró di ọjọ́ kejì, kó tòrò. Èyí tó wà lókè ni kí ẹ fi fọ ọkọ̀, ẹ da gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìsàlẹ̀ sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ti ẹ̀rọ borehole máa ń mọ́ lójú, ṣùgbọ́n níbòmíràn ó máa ń ní èròjà ilẹ̀ nínú tó ń fi àbàwọ́n funfun bí ẹfun sílẹ̀ tó bá gbẹ. Irú omi bẹ́ẹ̀, ẹ má jẹ́ kó fúnra rẹ̀ gbẹ lára ọkọ̀ láéláé.

Ó yá, ẹ gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì méjì. Ọ̀kan fún omi ọṣẹ, ìkejì fún omi lásán tí ẹ ó máa fi ṣan aṣọ ìfọkọ̀. Ọṣẹ olómi tí wọ́n ṣe fún ọkọ̀ ni kí ẹ lò, ìwọ̀nba díẹ̀ nínú omi púpọ̀ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára ike rẹ̀. Ọṣẹ ìfọṣọ oníyẹ̀fun tí a fi ń fọ ṣòkòtò máa ń bó ìpara ara ọkọ̀ dànù, èyí tí kò bá sì yó tán nínú omi a máa ha ara. Mo mọ̀ pé òun ló wọ́pọ̀ jù lọ́dọ̀ àwọn tó ń fọkọ̀ létí títì. Mo mọ̀ pẹ̀lú pé ọkọ̀ tí wọ́n fi ń fọ̀ fún ọdún mẹ́ta kì í dán mọ́.

Táyà àti ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ fọ̀, pẹ̀lú àkísà tiwọn àti omi tiwọn. Eruku bíréèkì tó ń lẹ̀ mọ́ ríìmù jẹ́ ẹ̀rún irin. Àkísà tó bá ti kàn án, kò gbọdọ̀ gòkè mọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ wá da omi sí ọkọ̀ láti orí sílẹ̀, omi púpọ̀, láì fọwọ́ kàn án rárá. Bí ẹ kò bá ní họ́ọ̀sì, ẹ lu ihò wẹ́wẹ́ sí ìdérí ike ńlá kan, ẹ máa fi wọ́n ọn bí òjò. Ìdí tí ẹ fi ń ṣe èyí ni pé kí iyanrìn ti bá omi lọ kí aṣọ tó dé. Tí ẹ bá ti ọ̀nà oko Òmùò tàbí Ìṣẹ̀ bọ̀ nígbà òjò tí ẹrẹ̀ sì ti gbẹ mọ́ ọn, ẹ wọ́n omi sí i, ẹ lọ jẹun, ẹ padà wá, ẹ tún wọ́n ọn.

Ní báyìí, ẹ ti aṣọ máíkírófáíbà tàbí fóòmù tó rọ̀ bọ inú omi ọṣẹ. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ọkọ̀, ẹ wá sórí gíláàsì, bọ́nẹ́ẹ̀tì, búùtù, apá òkè ilẹ̀kùn, kí ẹ tó parí rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn àti bọ́ḿpà, níbi tí ìdọ̀tí pọ̀ sí jù. Ẹ máa fà á ní tààrà, ẹ má yí i po. Tí ẹ bá parí ibì kan, ẹ ṣan aṣọ náà nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì kejì kí ẹ tó padà sínú ọṣẹ. Yóò yà yín lẹ́nu bí ìsàlẹ̀ bọ́kẹ́ẹ̀tì kejì yẹn ṣe máa ń rí nígbẹ̀yìn. Gbogbo iyẹ̀pẹ̀ yẹn, ara ọkọ̀ ni ì bá ti máa rìn lé.

Bí aṣọ bá já bọ́ sílẹ̀, ó tán nìyẹn. Ẹ mú òmíràn. Ẹ̀yìn tí ẹ bá ti fọ̀ ọ́ nílé tó mọ́ ló tó lè padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ẹ da omi mímọ́ sí i, kí ẹ sì fi táwẹ́ẹ̀lì tó nípọn tó sì rọ̀ gbà á. Ẹ tẹ́ ẹ lé ibẹ̀, ẹ rọra fà á. Kò sídìí láti máa fi agbára nù ún bí ẹni ń nu ìkòkò.

Ẹni tí kò ráyè fọ ọkọ̀ fúnra rẹ̀, tó máa ń gbé e lọ sí kaa wọ́ọ̀ṣì, ẹ mú aṣọ tiyín dání. Mo máa ń kí àwọn ọmọ náà dáadáa kí n tó sọ ọ́: "Àbúrò, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, aṣọ yìí ni kẹ́ ẹ bá mi lò lókè, tiyín fún táyà." Ọ̀kan lára wọn dá mi lóhùn nígbà kan pé, "Dádì, àkísà wa mọ́ o, àná la fọ̀ ọ́." Mo ní mo gbà, àmọ́ kó bá mi lo tèmi. Kò bínú. Ẹ tún sọ fún wọn kí wọ́n má fi kẹrosíìnì tàbí dísù kun ara ọkọ̀ kó lè dán. Ó máa ń dán lóòótọ́, fún wákàtí méjì, lẹ́yìn náà ni gbogbo eruku ojú ọ̀nà yóò wá lẹ̀ mọ́ ọn.

Ní ti ọyẹ́ fúnra rẹ̀: ẹ gbé ọwọ́ kúrò lára ọkọ̀. Ìyẹ́ adìyẹ tí àwọn awakọ̀ fi ń gbọn eruku láàárọ̀ wà lára ohun tó ń ba ọ̀dà jẹ́ jù ní Adó. Tí ẹ ò bá lómi láti fọ gbogbo rẹ̀, ẹ fọ gíláàsì àti iná, ẹ jẹ́ kí ìyókù pọ́n. Ọkọ̀ tó léruku kò tíì bàjẹ́. Aṣọ ìbokọ̀ náà, ẹ má dà á bo ọkọ̀ tó ti ní eruku lára tẹ́lẹ̀, torí afẹ́fẹ́ ọyẹ́ á máa mì ín, á sì máa fi eruku abẹ́ rẹ̀ ha ọkọ̀ láti alẹ́ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́.

Àwọn nǹkan tí kì í dúró de ọjọ́ ìfọkọ̀

Ìgbẹ́ ẹyẹ ló burú jù. Ásíìdì wà nínú rẹ̀, oòrùn wa sì máa ń mú kó yára jẹ kílíà wọlé. Ní ọ̀sán tí oòrùn ń ta, wákàtí díẹ̀ tó láti fi ojú àpá sílẹ̀. Ẹ má họ ọ́. Ẹ rẹ àkísà mímọ́ tàbí tíṣù sínú omi, ẹ fi lé e lórí fún ìṣẹ́jú márùn-ún tàbí mẹ́wàá, kí ẹ wá gbé e kúrò bí ẹni gbé nǹkan, láì fà á. Mo máa ń fi ike omi kékeré kan àti aṣọ sínú búùtù nítorí èyí nìkan.

Ibòji máńgòrò àti kajú tutù fún ọkọ̀, ṣùgbọ́n láti oṣù Kejì lọ tí wọ́n bá ń so, oje wọn á máa kán. Sípíríìtì tí wọ́n ń tà ní ilé ìtajà oògùn máa ń tú u: ẹ rẹ ẹ́ sára aṣọ, ẹ fi lé orí oje náà, ẹ nù ún jẹ́jẹ́, ẹ fi omi ọṣẹ fọ ibẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ọ̀dà dúdú tí wọ́n fi ń ṣe títì, ẹ lè fi kẹrosíìnì díẹ̀ lára aṣọ tú òun náà, kí ẹ sì fọ ibẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Kòkòrò alẹ́ tó kú mọ́ iwájú ọkọ̀, omi ọṣẹ tó lọ́wọ́ọ́rọ́ ti tó.

Ọ́ìlì bíréèkì, ní tirẹ̀, kò ní sùúrù. Tí mẹkáníìkì bá ta á sára fẹ́ńdà, omi púpọ̀ ni kí ẹ dà sí i ní kíá, torí ó máa ń bó ọ̀dà bí ẹni bó èèpo iṣu tó ti jinná. Pẹtiróòlù tó bá dà létí ẹnu táńkì nígbà tí ẹ ń ti inú jálá rọ epo, ẹ fọ òun náà kó tó gbẹ.

Báwo ni àpá náà ṣe jìn tó?

Kí ẹ tó ra ohunkóhun, kí ẹ sì tó pe pẹ́ńtà kankan, ẹ fọ ibẹ̀ mọ́ kí ẹ wá ṣe ìdánwò mẹ́ta yìí.

Ẹ ta omi sí i. Tí àpá náà bá pòórá nígbà tó tutù tó sì padà nígbà tó gbẹ, inú kílíà ló wà. Ẹ fi èékánná kọjá lórí rẹ̀ jẹ́jẹ́, lábùú. Tí èékánná kò bá há sí i, ẹ lè fi kọ́ḿpáǹdì, ìpara tó ń bó ojú ọ̀dà díẹ̀ kó lè dán, tún un ṣe nílé. Tó bá há, ó ti jìn ju ohun tí ẹ lè bó kúrò láì bá kílíà tán. Ẹ wá wo àwọ̀ tó wà nínú rẹ̀: funfun tàbí eérú tí kì í ṣe àwọ̀ ọkọ̀ jẹ́ púráímà, tó bá ń dán bíi ṣíbí, irin nìyẹn, tó bá sì ti pọ́n bí obì, ìpẹtà ti bẹ̀rẹ̀. Lára bọ́ḿpà, dúdú tí ẹ ó rí jẹ́ ike, kò lè pẹtà, ẹ fọkàn balẹ̀.

Nígbà míràn ẹ ó rí i pé kì í ṣe pé ó ha rárá, ọ̀dà ọkọ̀ tó gbá yín ló kù síbẹ̀. Ẹ fi sípíríìtì nù ún. Mo ti rí ẹni tó fẹ́ kun odidi ilẹ̀kùn nítorí ọ̀dà yẹ́lò ọkọ̀ èrò tó lẹ̀ mọ́ ọn, tí ó sì lọ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta.

Àpá inú kílíà

Ohun tí ẹ nílò ni kọ́ḿpáǹdì, èyí tó kúnná jù lọ́jà, aṣọ máíkírófáíbà mẹ́ta tàbí mẹ́rin, àti fóòmù pẹlẹbẹ tó rọ̀. Ẹ fọ ọkọ̀, ẹ gbẹ ẹ́, ẹ gbé e síbi tí oòrùn kò dé. Ẹ fi tẹ́ẹ̀pù bébà bo rọ́bà àti ike dúdú tó wà nítòsí, torí kọ́ḿpáǹdì tó bá gbẹ sára wọn máa ń funfun bí ẹfun.

Ẹ bu ìwọ̀n ẹ̀wà kan tàbí méjì sórí fóòmù. Ibi tí ẹ ó ṣe kò gbọdọ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ tẹ̀ ẹ́ níwọ̀nba, ẹ máa lọ síwá sẹ́yìn, lẹ́yìn náà lábùú, bíi ìṣẹ́jú méjì. Ẹ nù ún kúrò, ẹ wò ó nínú ìmọ́lẹ̀. Tí ó bá dín kù, ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i. Tí kò bá yí padà lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀mẹta, ẹ dúró níbẹ̀. Àpá tó kù tín-ín-rín tí ojú ò tètè rí sàn ju kílíà tó ti tán lọ. Etí bọ́nẹ́ẹ̀tì, etí ilẹ̀kùn àti gbogbo ibi tí irin ti tẹ̀ kọrọdọ ni ọ̀dà ti fẹ́lẹ́ jù. Ẹ má fọwọ́ líle kàn wọ́n. Tí aṣọ yín bá bẹ̀rẹ̀ sí í mú àwọ̀ ọkọ̀, tó di dúdú lára ọkọ̀ dúdú, ẹ ti gba inú kílíà kọjá, àyàfi tí ó bá jẹ́ ọkọ̀ àtijọ́ tí wọn ò kun kílíà sí láti ilé-iṣẹ́.

Ẹ̀rọ tó ń yí máa ń yára, ó sì tún máa ń yára ba nǹkan jẹ́. Ẹni tí kò tíì lò ó rí, kó kọ́kọ́ fi fẹ́ńdà tí wọ́n sọ nù lọ́dọ̀ panẹ́ẹ̀bítà kọ́ ọwọ́. Ní ti ọṣẹ ìfọyín tí gbogbo èèyàn ń sọ, kọ́ḿpáǹdì aláìlágbára ni, nítorí pé ohun kíkúnná tó ń bó eyín wà nínú rẹ̀. Ó lè dín àpá kékeré kù. Ẹ ó fi ọ̀pá odidi kan ṣe iṣẹ́ tí ìwọ̀n ẹ̀wà méjì kọ́ḿpáǹdì ì bá ti ṣe. Pọ́líìṣì bàtà dúdú tí wọ́n ń fi bo àpá, òjò àkọ́kọ́ ni yóò tú àṣírí rẹ̀.

Àpá tó ti kọjá kílíà

Òkúta wẹ́wẹ́ tí tírélà ń ta sẹ́yìn lójú títì Adó sí Ìkẹ́rẹ́ ló ń ṣe èyí jù níwájú ọkọ̀, kọ́kọ́rọ́ àti ìṣó ló ń ṣe é lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọ̀dà tí a ń kàn díẹ̀díẹ̀ sójú àpá ni ẹ ó fi dí i, kì í ṣe pé kí ẹ bó o.

Àwọ̀ kọ́kọ́. Ẹ má gbé ọkọ̀ dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń po ọ̀dà kí ẹ wá ní kó fún yín ní "fàdákà". Fàdákà pọ̀ lóríṣiríṣi. Lára Toyota, ẹ ṣí ilẹ̀kùn awakọ̀, ẹ wo òpó ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bébà kékeré kan wà níbẹ̀ tí wọ́n kọ C/TR sí, ohun tó kọ́kọ́ tẹ̀ lé e ni nọ́ńbà ọ̀dà. 040 jẹ́ funfun, 202 jẹ́ dúdú, 1F7 jẹ́ fàdákà. Ti Honda náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Funfun, dúdú àti eérú tiwọn máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú NH, bíi NH578 tó jẹ́ funfun. Síbẹ̀, oòrùn ti ṣá ọkọ̀ yín, ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ sì ni wọ́n ti tún kùn kó tó dé ọwọ́ wa. Nítorí náà ẹ ní kí wọ́n kan ọ̀dà náà sára páálí, kí ó gbẹ, kí ẹ gbé e mọ́ ara ọkọ̀ nínú oòrùn. Ọ̀dà tútù kì í jọ ti gbígbẹ.

Ẹ fọ ibẹ̀, ẹ fi sípíríìtì nù ún kí ọ̀rá tán. Ẹ ká ègé sáńpépà 1000 tín-ín-rín (bí nọ́ńbà sáńpépà bá ṣe ga tó ló ṣe ń kúnná tó), ẹ fi họ inú àpá náà nìkan, kí ọ̀dà tó fẹ́ ṣí kúrò má baà kù. Tí irin bá hàn, ẹ kan púráímà díẹ̀ sí i, kó gbẹ. Ẹ wá fi igi ìtayín tàbí búrọ́ọ̀ṣì tó kéré jù kan ọ̀dà sínú ihò náà. Kó fẹ́lẹ́. Ohun tó ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ ni ìkánjú: ẹni tó bá kan èyí tó nípọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, òkè rẹ̀ á gbẹ, inú rẹ̀ á rọ̀, á sì wọlé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ kan án ní ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí mẹ́rin, kí ó tó nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú láàárín wọn, títí tí yóò fi sún mọ́ ojú ọ̀dà tó yí i ká. Lẹ́yìn náà, kílíà, kí ó ga díẹ̀ ju ojú ọ̀dà lọ.

Ẹ fi sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Bí ẹ bá fẹ́ kó tẹ́jú, ẹ rẹ sáńpépà 2000 sínú omi tó ní ọṣẹ díẹ̀, ẹ yí i mọ́ ara ìrésà, ẹ lọ̀ ọ́ lórí ibi tó ga yẹn nìkan, pẹ̀lú omi. Ẹ fi kọ́ḿpáǹdì parí rẹ̀. Tí ọwọ́ yín kò bá dá a, ẹ fi í sílẹ̀ bó ṣe wà. Ó ti dí, omi kò lè dé irin mọ́, ohun tó ṣe pàtàkì nìyẹn.

Níbi tí ìpẹtà bá ti wọ̀

Èyí ò ṣeé fi ọ̀dà bo mọ́lẹ̀, torí ìpẹtà a máa rìn lábẹ́ ọ̀dà bí ikán lábẹ́ pákó. Ẹ fi sáńpépà 80 họ ọ́ títí irin yóò fi funfun, kí ẹ sì gba ìta rẹ̀ kọjá díẹ̀, torí ibi tí ẹ rí ni ó kéré jù. Bí àmì dúdú bá ṣì kù nínú ihò wínníwínní, oògùn ìpẹtà tó ní ásíìdì fọ́sífọ́ríìkì nínú yóò pa á. Ẹ kun púráímà epóksì lọ́jọ́ náà gan-an. Irin tí a họ tí a sì fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì nígbà òjò, á ti tún bẹ̀rẹ̀.

Tí kòtò bá wà, pọ́tì la fi ń dí i. Hádínà, èròjà tó ń mú kó le, díẹ̀ ni wọ́n ń pò mọ́ ọn, kí àwọ̀ méjèèjì sì di ọ̀kan. Pọ́tì tó ní kókó bí iyán ọlẹ yóò sán tó bá yá. Ẹni Èkìtì kò yẹ kó nílò àlàyé lórí èyí. Kò yẹ kí pọ́tì nípọn ju mìlímítà díẹ̀ lọ. Panẹ́ẹ̀bítà ló yẹ kó kọ́kọ́ na irin náà padà sípò rẹ̀. Sáńpépà 80 la fi ń gbẹ́ ẹ, 180 la fi ń tẹ́ ẹ, 320 la fi ń dán an, púráímà, kí a wá fi 400 dé 600 lọ̀ ọ́ pẹ̀lú omi kí ọ̀dà tó kàn án.

Fífín ọ̀dà fúnra rẹ̀, iṣẹ́ pẹ́ńtà ni. Yàtọ̀ sí pé kọ́ńpírẹ́sọ̀ kò sí nílé gbogbo wa, hádínà tí wọ́n ń pò mọ́ kílíà ní èròjà kan tí wọ́n ń pè ní isocyanate, tó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, tó sì lè dá ikọ́ fée sílẹ̀ lára ẹni tí kò ní i rí. Ìbòmú aláṣọ kò lè dí i. Ẹ má jẹ́ kí ọmọdé dúró wòran níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ ní ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ bá pẹ́ńtà sọ kí owó tó yọ lápò. Mo kọ́ èyí pẹ̀lú owó ara mi: inú oṣù Keje ni mo gbé ilẹ̀kùn kan lọ fún ẹnì kan, òjò ń ṣú, mo ní kó ṣáà bá mi parí rẹ̀ kí n lè gbé ọkọ̀ lọ sí òde ìgbéyàwó. Ó parí rẹ̀. Kílíà náà ṣú bí omi ògì, nítorí pé ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ ti há sínú rẹ̀. Ẹ̀bi èmi náà wà níbẹ̀. Ní Èkìtì níbí, láti oṣù Kọkànlá sí oṣù Kẹta ni mo máa ń gbé iṣẹ́ ọ̀dà lọ nísinsìnyí, níbi tó bá ní ògiri, torí ọyẹ́ náà ní eruku tirẹ̀.

Ẹ bi wọ́n léèrè bóyá wọn ó tú iná, ọwọ́ ilẹ̀kùn àti rọ́bà, tàbí wọn ó kàn fi bébà ìwé ìròyìn bò wọ́n. Títú sàn jù. Tí ọ̀dà yín bá jẹ́ mẹ̀tálíìkì, tó ní ẹ̀rún alumíníọ̀mù tó ń tàn nínú, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fín ibi àpá nìkan; kí ọ̀dà aláwọ̀ máa fẹ́lẹ́ lọ díẹ̀díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, kí kílíà sì bo odidi ilẹ̀kùn náà, láì jẹ́ bẹ́ẹ̀ á dàbí ìlẹ̀mọ́ lára agbádá. Bọ́ḿpà oníke nílò ohun ìlẹ̀mọ́ tirẹ̀ kí púráímà tó kàn án, òun ni ọ̀pọ̀ kì í lò, tí ọ̀dà fi ń ṣí bí èèpo àlùbọ́sà. Tí ẹ bá sì ti máa ń fi ìpara olójú-dídán tó ní silikóònù ra ọkọ̀, ẹ sọ fún wọn kí wọ́n fi ohun ìfọ̀rá nù ún kí wọ́n tó lọ̀ ọ́, torí silikóònù máa ń jẹ́ kí ọ̀dà tuntun lu ihò wẹ́wẹ́ bí ojú ẹja.

Tí ẹ bá fẹ́ ra tòkunbọ̀, ẹ wá òòfà kékeré, irú èyí tó wà nídìí sìpíkà tó ti bàjẹ́, ẹ fi aṣọ wé e, ẹ máa fà á kiri ara ọkọ̀. Níbi tí pọ́tì bá ti nípọn, kò ní lẹ̀. Ẹ má gbàgbé pé kì í lẹ̀ mọ́ ike àti alumíníọ̀mù pẹ̀lú, kí ẹ má lọ pe olóòótọ́ ní òpùrọ́.

Wáàsì

Lórí ọ̀dà tuntun, ẹ dúró tó ọgbọ̀n ọjọ́ kí ẹ tó fi wáàsì, ìpara tó ń dáàbò bo ọ̀dà, ra á, kí tínà tí wọ́n fi po ọ̀dà náà lè jáde tán. Lórí ti àtijọ́, ẹ lè fi í ra á lẹ́yìn kọ́ḿpáǹdì lọ́jọ́ kan náà. Ẹ fi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹ jẹ́ kó ṣú, ẹ fi aṣọ mímọ́ nù ún. Èyí tí wọ́n ń pè ní kànọ́bà, ara ewé ọ̀pẹ kan ní Bùràsíìlì ni wọ́n ti ń gbọ̀n ọ́n. Mo fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n nínú oòrùn tiwa kì í pẹ́. Èyí tí wọ́n fi kẹ́míkà ṣe máa ń pẹ́ jù ú lọ. Tí omi òjò kò bá ta róbótó mọ́ lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, tó kàn tẹ́ sílẹ̀ pẹrẹsẹ, wáàsì ti tán. Mo máa ń fi tèmi ra ọkọ̀ nínú oṣù Kọkànlá, kí ọyẹ́ tó dé, àti nínú oṣù Kẹta, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀.

Ní ti "FỌ̀ MÍ", mo fi kọ́ḿpáǹdì lọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. "MÍ" lọ pátápátá. "FỌ̀" kù, kò hàn àfi láàárọ̀ tí oòrùn bá ń yọ tí ẹ sì dúró sí apá ọ̀tún. Mo fẹ́ lọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta, ni mo bá fọwọ́ kan ibẹ̀, mo rí i pé etí bọ́nẹ́ẹ̀tì ló wà, mo sì dá fóòmù padà sínú ike rẹ̀. Ọmọ náà ti wọ ilé-ẹ̀kọ́ girama báyìí. Ó ṣì máa ń wò ó tó bá ń kọjá.